Bruce Lee Àdúgbò

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á jáde síwájú ilé tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò dúdú, á fa igi kúkurú méjì tí ṣéènì so pọ̀ yọ lábẹ́ abíyá, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá èrò ti pé. Bí wọn ò bá tíì pé, á ṣì máa na ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá pé, ó di fìì, fìì, fìì! Igi gba èjìká kọjá, ó gba abẹ́ abíyá yọ, ó yí ọrùn po, ó bọ́ sọ́wọ́ òsì. Àwọn ọmọdé á pariwo: "Bruce Lee!" Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ṣì ń pè é ní Bàbá Ìbejì, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí owó ọbẹ̀ bá tán.

Ẹ bi í pé kí làǹfààní eré yìí. "Ààbò ara ni, ẹ̀gbọ́n mi," ló máa kọ́kọ́ wí. Kò sí olè tó máa rí nunchaku, igi oníṣéènì yìí, tí kò ní fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá mirí, á fa fóònù yọ, á fi fídíò kan hàn yín, èyí tó ti fi han fọkanáísà, télọ̀ àti pásítọ̀: Bruce Lee ń fi nunchaku gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, bọ́ọ̀lù kan ò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpolówó ọjà ni. Wọ́n ṣe é ní 2008 láti fi ta fóònù Nokia. Òṣèré tó jọ Bruce Lee ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì fi bọ́ọ̀lù sí i. Bruce Lee fúnra rẹ̀, òṣèré fíìmù ìjà, ti kú ní 20 oṣù Keje, 1973. Ẹ sọ fún un, á ní ìlara ló ń dà yín láàmú.

Ìtàn tó dájú kì í dùn létí rẹ̀. Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, ni nunchaku ti gbajúmọ̀ bí ohun ìjà, ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń pè ní bo, tó ga tó àgbà ọkùnrin, níyì jù ú lọ níbẹ̀. Dan Inosanto, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ ti Philippines wá, ló fi nunchaku han Bruce Lee. Fíìmù ló wá sọ ọ́ di ijó. Fist of Fury jáde ní 1972, Enter the Dragon ní 1973, láti ìgbà náà ni igi mọ́ọ̀pù ò ti sinmi mọ́ nílé ọ̀pọ̀ ìyá.

Òyìnbó náà bẹ̀rù nunchaku, èyí sì ni Bruce Lee Àdúgbò fẹ́ràn jù láti máa rò. Ìpínlẹ̀ New York fòfin dè é ní 1974, ó di oṣù Kejìlá 2018 kí adájọ́ kan tó wọ́gi lé òfin náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fi nǹkan bí ogún ọdún gé e kúrò nínú fíìmù. "Ṣé ẹ rí i? Ìjọba pàápàá ń sá fún un!" Àwọn tó tilẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ààbò lóòótọ́ kì í yí i mọ́rùn rárá. Ní 2015, àwọn ọlọ́pàá ìlú Anderson ní California gbà á sọ́wọ́, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fi fún ọrùn ọwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń bá wọn jà. Kò sí fìì, kò sí ariwo ọmọdé.

Ẹni tí nunchaku ń lù jù ni ẹni tó ni ín. Nínú afẹ́fẹ́, igi náà ń gbọ́rọ̀. Bó bá ti ba nǹkan líle, á ta padà, ṣéènì ò sì lè dá a dúró. Ìgúnpá mọ̀ ọ́n, iwájú orí mọ̀ ọ́n, ibòmíràn kan tún wà tí a ò lè dárúkọ níwájú àgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ gidi fi ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní èyí tí wọ́n fi fóòmù bò. Ọkùnrin wa ní ti ọmọdé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ àǹfààní wà o, òun ni ò mọ èyí tí ì bá máa fi yangàn. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀: ọwọ́ tí kò lè fi abẹ́ fá irùngbọ̀n tẹ́lẹ̀ ti ń hán igi tó ń fò báyìí láìjẹ́ pé ojú wò ó. Ní Jámánì, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde ní 2004: àwọn tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè tí a sì ń hán wọn, apá kan nínú ọpọlọ wọn tóbi sí i, nígbà tí wọ́n pa á tì fún oṣù mẹ́ta, ó tún fà sẹ́yìn. Bruce Lee Àdúgbò gbọ́ ìdajì ìròyìn yìí, ó ní sáyẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí nunchaku. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n jù, ẹnikẹ́ni ò yí ṣéènì níbẹ̀. Síbẹ̀ a ò ní bá a jiyàn jù: ojú tó ń tẹ̀lé ohun tó ń fò, ọwọ́ méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, iṣẹ́ wọn jọra.

Sùúrù tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè tò ní báńkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má bú ènìyàn, òun náà ló ń fi igi kọjá lẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú: ó já bọ́, ó mú un nílẹ̀; ó bà á léegun ìka, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kì í fi èyí polówó, nítorí àwọn ọmọdé kì í pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ ra onífóòmù fún un, kí ẹ sì gbé tẹlifíṣàn jìnnà. Ní ti olè, ẹ máa ti ilẹ̀kùn yín.