Ọ̀gá Máíkì, Ọmọ Mass Comm

Kò sí yunifásítì tí ẹ máa dé ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ ò ní bá Ọ̀gá Máíkì níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò ṣe wá ní nǹkan, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ ẹ mọ́. Bó bá ń lọ pọn omi láàárọ̀, káàdì oníròyìn á ti wà lọ́rùn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á wà lẹ́nu, bọ́kẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ló wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Mass Comm. Ọdún kejì ló ṣì wà o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń kí ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́nu géètì, ẹ ó rò pé òun ni wọ́n máa gbé ìròyìn aago mẹ́sàn-án NTA lé lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ: Mass Comm kọ́ ló kọ́kọ́ wù ú. Law ló kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní "Lọ́yà mi". Nígbà tí máàkì jáde, kò tó ti Law, ni yunifásítì bá gbé e sọ sí Mass Comm. Ilé dàrú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bàbá ní òun kò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ kan dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí iṣẹ́ àwọn tó ń ka ìròyìn ni? Ṣé ẹ kì í rí bí wọ́n ṣe ń múra ni?" Bí ara ṣe rọ ìyá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ọjà pé kí wọ́n máa wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa, ọmọ òun ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n bá ọmọ sọ títí ó fi wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà gan-an.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ. Ní Nsukka ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí ní 1961; Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e ní 1966. Ní nǹkan bí 2020, àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ní kí wọ́n tú u sí méje: iṣẹ́ oníròyìn lọ́tọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, PR lọ́tọ̀, fíìmù lọ́tọ̀, ìbánisọ̀rọ̀ fún ìdàgbàsókè ìlú lọ́tọ̀, ìmọ̀ nípa mídíà lọ́tọ̀. Èrò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹyọ kan, kó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ọ̀gá Máíkì kó méjèèje pọ̀ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ lórí Instagram. Ó ní òun ni OAP, ìyẹn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, òun ni MC, òun ni ọ̀gá PR, òun ló ń ṣe fíìmù, òun ló ń polówó ọjà. Títí di òní, ọjà kan ṣoṣo tó ti polówó rí ni ṣinṣín tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dín tà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sì tíì san gbèsè èyí tó jẹ níbẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ni kí ẹ wá gbọ́. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ́yìn ló dàgbà sí, ibi tó jìnnà jù tó tíì dé ni Èkó, ìyẹn náà nítorí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí máíkì bá ti lè kàn án lẹ́nu báyìí, imú ló kù tó ń gbà sọ̀rọ̀. Á ká ahọ́n, á fa ọ̀rọ̀ gùn, á gé e sí wẹ́wẹ́, títí tí orúkọ ìlú rẹ̀ gan-an kò fi ní dùn létí ẹnikẹ́ni tó bá ti Ìsẹ́yìn wá. Fọ́nẹ́ ni wọ́n ń pè é. A ò mọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n rí, Amẹ́ríkà sẹ́ ẹ. Ẹ wá jẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún, kó jẹ́ ìyá rẹ̀ ló pè. Á yára bọ́ sẹ́yìn ilé. "Ẹ káàsán mà. Mo ti jẹun mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó hándáùtù yẹn ṣì ku díẹ̀." Yorùbá náà á já gaara, imú kò ní sí nínú ẹ̀. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn fọ fọ́nẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tíráńsífọ́mà tó wà lẹ́bàá họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin gbiná. Àwọn èèyàn ń sáré jáde, àwọn kan ń pariwo omi, àwọn mìíràn ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i. Ọ̀gá Máíkì náà sáré, ó sáré wọ yàrá lọ gbé iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fídíò. Ó ya irun, ó tún káàdì ọrùn ṣe kó lè kọjú síta, ó kẹ̀yìn sí iná tó ń jó, ó bọ́ sórí Instagram. "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi yín náà tún ni o!" Fídíò náà gùn, ojú rẹ̀ ló sì kún un. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ òsì ni iná náà ti ń yọjú fìrí. Àwọn òbí tó ń wò ó láti ilé ń béèrè: ṣé ẹnikẹ́ni fara pa? Họ́sítẹ́ẹ̀lì wo ni? Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọkàn pupa yẹn dáadáa, kí wọ́n sì pín in fún àwọn ẹlòmíràn.

Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wà ní ìdúró. Ojú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ó sún mọ́ ọn, ó ní: "Ọmọ mi, láti ọ̀sán ni wáyà yẹn ti ń ta pàrà. Mo ti lọ sọ fún wọn lọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì..." Ọ̀gá Máíkì na ọwọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ti wọ inú fídíò mi."

Ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n kọ́ ọ láti ọdún àkọ́kọ́: ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo, kí ló fà á, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá tó máa dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tó fojú bà á gan-an ni oníròyìn wa ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe pé kò mọ̀wé o. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Harold Lasswell, fi ìbéèrè márùn-ún lélẹ̀ ní 1948 tí èèyàn lè fi yẹ ọ̀rọ̀ kọ́rọ̀ wò: ta ló sọ ọ́, kí ló sọ, ọ̀nà wo ló gbà sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò sí ìyá àgbà kan ní agboolé wa tí kì í béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé òfófó wọlé: "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ? Ṣé ojú tìẹ ló ṣe?" Ọ̀gá Máíkì ha ti Lasswell sórí, ó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò, ó gba máàkì tó jọjú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ní aago kan òru, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí WhatsApp rẹ̀ pé àwọn aláṣẹ ti sún ìdánwò ọjọ́ kejì síwájú. Kò béèrè ẹni tó sọ ọ́. Ó dà á sórí gbogbo gúrúùpù tó wà, ó kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé òun ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Kíláàsì sùn fọnfọn. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Òfin àti ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n sì ń dán wọn wò.

Tó bá kan ìtàn, kò kẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹ bi í léèrè, á kà á fún yín láìmí: Henry Townsend ló dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lára; ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ìgbà wo ló ka ìwé ìròyìn Yorùbá kẹ́yìn, ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn. Ó ní àwọn bàbá àgbà ló ń ka ìyẹn.

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tó lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IT. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ló gbà á, èyí tó jẹ́ pé Yorùbá ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ètò wọn, nítorí Yorùbá làwọn tó ń sanwó ìpolówó ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí òǹkàwé wọn kò wá, wọ́n gbé ìròyìn Yorùbá lé e lọ́wọ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló wà lókè. Wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Máíkì ti gbà pé ìdọ̀tí ni àmì. Ó kà á pé "ọkọ méjì" forí gbára ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kó tó ka ìròyìn kejì, fóònù ti dún. Olùgbọ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó kan náà làwọn ọkọ méjèèjì ń jà lé lórí.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ ní WNTV, ó sì di ọ̀gá àgbà BCOS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò gba imú sọ̀rọ̀. Gbénga Adébóyè, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, kò gba imú sọ̀rọ̀. Kọ́lá Ọláwuyì gbé ètò Nǹkan Ń Bẹ kalẹ̀, àwọn èèyàn máa ń gbọ́ ọ tọkàntọkàn, nítorí ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ti ń gbọ́ ọ, á sì ní sùúrù kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ohùn wọn dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí Ọ̀gá Máíkì rí lára irú wọn kò ju òkìkí lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nígbà tó dé ọdún kẹrin. Àkòrí rẹ̀ kò ṣàjèjì: ipa tí TikTok ń ní lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó tẹ ìwé ìbéèrè igba jáde, kó pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ igba. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́ta. Dúdú fún àwọn ọkùnrin, búlúù fún àwọn obìnrin, pupa fún àwọn tó bínú díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ẹ́, ó fi òsì kọ ọ́, ó ní ìyẹn ló máa jẹ́ kó dà bí òótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igba èèyàn ti dáhùn láìsí ẹni tó la ẹnu. Ní orí kẹrin ìwé náà, Ọ̀gá Máíkì kọ ọ́ pé ohun tí òun rí bá èrò òun mu. Báwo ni kò ṣe ní bá a mu? Òun kan náà ló béèrè, òun kan náà ló dáhùn.

Ẹ má bẹ̀rù pé kò ní ríṣẹ́. Owó oṣù oníròyìn kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé, kò sì ní dúró dè é. Olóṣèlú kan ní àdúgbò máa fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ mídíà. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kó máa ya fọ́tò ọ̀gá níbi tó ti ń gbẹ́ kànga, kó sì máa bú ẹni tó bá béèrè pé ìgbà wo ni omi máa jáde. Ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́, ọmọ iṣẹ́ kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa mọwọ́ ara wọn dáadáa.

Kí n má purọ́ mọ́ gbogbo kíláàsì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í gbé káàdì kọ́rùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí tíráńsífọ́mà jó, ó ra ẹ̀kọ àti àkàrà, ó lọ jókòó ti bàbá ọlọ́dẹ. Ó ní: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa ẹnu dé. Bàbá sọ̀rọ̀ títí, ó sọ ẹni tó rí lọ́fíìsì àti èsì tí wọ́n fún un. Ọmọbìnrin náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀hún, ó gbọ́ tiwọn náà. Ojú ewé kan ló kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n pààrọ̀ wáyà tó kù. Kò sẹ́ni tó tẹ ọkàn pupa fún un.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Mass Comm, ọwọ́ yín ni mo fà á lé. Bó bá délé fún ìsinmi, ẹ má bi í pé ìgbà wo lẹ máa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bi í pé: "Ta lo jókòó tì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní sáà yìí, kí ló sì sọ?" Bí kò bá rí ẹyọ ẹnì kan dárúkọ, ẹ mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ yín ń ṣòfò.