Ẹ Fún Kóòṣì Lówó Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí èèyàn ti lè là láìṣe àṣeyọrí, ẹ má wo ìdí òṣèlú nìkan. Ẹ lọ sí Amẹ́ríkà, kí ẹ wá akọ́nimọ̀ọ́gbá fásitì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìdí rẹmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ń pariwo "Ẹ lé e!" lé lórí. Ọkùnrin yẹn ni kí ẹ bá ṣọ̀rẹ́.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé tiwọn sá, wọn á dé akoto, wọn á sì máa forí sọ ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá a, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yìí má tàn yín jẹ. Kyle Field, pápá ìṣeré Fásitì Texas A&M ní ìlú College Station, ń gba èèyàn 102,733. Ní agogo méjìlá òru tó ṣáájú ìdíje, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á ti kóra jọ síbẹ̀ láti fi ariwo tí wọ́n máa pa lọ́jọ́ kejì dánra wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ariwo ni wọ́n ń kọ́. Wọn á sì máa sọ pé ẹgbẹ́ àwọn kì í pàdánù, àsìkò ló kàn ń tán mọ́ àwọn lọ́wọ́. Láti 1939 tí wọ́n ti gba adé orílẹ̀-èdè gbẹ̀yìn ni àsìkò yìí ti ń tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tó di ìparí 2017, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n lọ mú Jimbo Fisher, ẹni tó gba adé orílẹ̀-èdè fún Florida State ní sáà 2013, wọ́n sì fún un ní ìwé àdéhùn ọdún 10, mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ó borí o, ó fìdí rẹmi o, owó náà ò gbọdọ̀ dín. Kò tíì jókòó dáadáa tí John Sharp, ọ̀gá àgbà fún gbogbo ẹ̀ka fásitì náà, fi gbé àmì-ẹ̀yẹ kan lé e lọ́wọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ti gba adé orílẹ̀-èdè. Ọdún tó gbà á nìkan ni wọn ò kọ tán: wọ́n kọ 20, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ kó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí i. Ojú ibẹ̀ ṣì funfun báláú di òní.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, 2020 dára. Wọ́n gbá 10, wọ́n jẹ 9. Inú àwọn ọ̀gá dùn dé ibi tó jẹ́ pé ní 2021, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ ṣì ku ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún kọ tuntun fún un: títí di 2031, ó lé ní mílíọ̀nù 9 lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni ò yọ ìbọn sí wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n san mílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún Appalachian State, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan láti orí òkè ní North Carolina, kó wá jẹ́ kí àwọn nà án níwájú èrò. Àlejò gba owó, ó na onílé 17 sí 14, ó sì wọkọ̀ padà sílé. Nínú ìdíje 12 lọ́dún náà, 5 péré ni wọ́n jẹ.

Ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn wá gbóná. Ní ilé ọtí, ní ìdí ẹran yíyan, nínú ọgbà ìjọ, kò síbi tí wọn ò ti ń jà sí i.

Àwọn kan ní kí wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí rọrùn: ẹ wo ojú pátákó, ẹ wo owó oṣù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ wọn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé ọkùnrin náà sókè bí ọba ní October 2021, nígbà tó na Alabama tó wà ní ipò kìíní ní 41 sí 38. Ẹni tó ń lé e lónìí ló fẹ́ kọ́ ère rẹ̀ nígbà yẹn.

Àwọn kejì ni onísùúrù. Wọ́n ní kí wọ́n fún un ní ọdún kan sí i, nítorí àwọn ọmọkùnrin tó kó wọlé ní 2022 ni wọ́n fi sí ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé wọ́n fi ń gbèjà rẹ̀ nìyẹn. Adájọ́ tó bá gbọ́ ọ máa ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀sùn. Àwọn ọmọ tó dára jù lórílẹ̀-èdè ló wà níkàáwọ́ rẹ, o fi wọ́n jẹ 5 nínú 12, o wá ní kí a dúpẹ́?

Àwọn kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ ìṣirò ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ń sọ pé ẹ rọra o, bí a bá ní kó lọ lónìí, èló ni owó ọkọ̀?

Owó ọkọ̀ náà ju mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ. Ní November 11, 2023, ẹgbẹ́ Fisher na Mississippi State 51 sí 10. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó máa lọ. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka bíi mílíọ̀nù 19 fún un láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kí wọ́n sì máa fún un ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún títí di 2031. Bó bá ríṣẹ́ síbòmíràn, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ìyàwó tó bá kọ ọkọ ni ìdílé rẹ̀ ń dá owó orí padà. Ní College Station, ọkọ ló lé ìyàwó jáde, ọkọ náà ló tún ń san owó orí lọ́dọọdún, bí ìyàwó bá tilẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn.

Lójú tèmi, ó yẹ kó lọ. Èèyàn ò lè gba irú owó yẹn kó máa mú ẹgbẹ́ rìn ní bèbè ìdajì. Ṣùgbọ́n ta ló máa san án? Àwọn aláṣẹ fásitì ní owó orí ará ìlú kọ́, owó ẹ̀ka eré ìdárayá àti ọrẹ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó pariwo "Ẹ lé e!" ní òru, òun náà ni wọ́n na àpò sí láàárọ̀. Ó jọ pé orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, Ọkùnrin Kejìlá, ló fà á. Ní January 1922, wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, E. King Gill, sọ̀ kalẹ̀ láti àárín àwọn òǹwòran ní Dallas, torí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fara pa. Ó wọ aṣọ ìdíje, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí ìdíje fi parí, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n ti gbẹ́ ère rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lè gbẹ́ ère fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù, kí ló ní kó má lè san owó fún ẹni tí kò kọ́ni mọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn sí wá dé. Nínú gbogbo ariwo yìí, ẹni tó buwọ́ lùwé ń jẹun tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Scott Woodward ni ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá tó mú Fisher wá ní 2017. Kí ìyà tó dé, ó ti kọjá sí LSU, fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana ní ìlú Baton Rouge. Ross Bjork ló wà ní ipò rẹ̀ ní College Station nígbà tí wọ́n fi ọdún kún ọdún ní 2021, òun náà ló ní kí Fisher máa lọ ní 2023. Kò pẹ́ tí Ohio State, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lókìkí ju tiwọn lọ, wá gbà á síṣẹ́. Kóòṣì tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á lé e; ọ̀gá tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á gbé e ga.

Ní LSU, Woodward tún mú gègé. Brian Kelly ló mú wá lọ́tẹ̀ yìí: ọdún 10, nǹkan bíi mílíọ̀nù 95. Ní October 25, 2025, Texas A&M kan náà, tí Mike Elko ti di kóòṣì rẹ̀, wá sí Baton Rouge, wọ́n sì na LSU 49 sí 25 nínú ilé wọn. Lọ́jọ́ kejì ni Kelly gba ìwé "máa lọ", owó ọkọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 54. Gómìnà Louisiana, Jeff Landry, ló kọ́kọ́ rántí béèrè ta ló ń kọ irú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ó ní òun á kúkú fi Donald Trump yan kóòṣì tuntun kí òun tó jẹ́ kí Woodward yan án. Ká ní ẹ fún mi láyè, mo máa ní Trump gan-an á kọ́kọ́ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Woodward fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ máa rò pé ọgbọ́n ti wọlé. Lane Kiffin ni LSU lọ mú. Kiffin yìí ni fásitì USC lé ní 2013, ní òru, ní pápákọ̀ òfurufú, bí ẹgbẹ́ ṣe ń ti ibi tí wọ́n ti nà wọ́n 62 sí 41 dé. Ní 2025, àwọn olólùfẹ́ Ole Miss, fásitì tó ti ń ṣe kóòṣì, sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú tiwọn pẹ̀lú èébú, torí pé ó ń lọ. Àwọn ará Baton Rouge ń yọ̀ ní tiwọn: ọdún 7, nǹkan bíi mílíọ̀nù 91. Wọ́n ti ń jiyàn lórí iye adé tó máa gbà. N ò tíì gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè èló ni owó ọkọ̀.