Kábíyèsí Ìbẹ̀rù, Onílé Gbogbo ní Akute

Kábíyèsí o! Ìbẹ̀rù, ọmọ Gbígbọ́-láìrí,
ọkọ Àìsùn, bàbá Ìjáyà,
a-fi-òógùn-wẹ-ni-nínú-ọyẹ́,
a-múni-sáré-pẹ̀lú-bàtà-ẹyọ-kan,
a-gbé-baálé-ilé-pamọ́-sábẹ́-bẹ́ẹ̀dì-ọmọ-rẹ̀!
Ẹ ò san owó ilé, ẹ ò dá owó tiransifọ́mà,
síbẹ̀ yàrá yín ló tóbi jù nínú ilé kálukú.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló wó mi lulẹ̀ o, orúnkún ni ò gbé mi mọ́.

Ta ni yóò gbàgbé ìgúnwà yín lóṣù kẹrin ọdún 2020? Ààrẹ Buhari ti kéde kónílé-ó-gbélé nítorí kòrónà. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ti Ògùn wa di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ebi ń pa ìlú, ìròyìn sì ń gba Agége àti Ìjù bọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awawa ń bọ̀ wá jà wá lólè, pé wọ́n tiẹ̀ ti kọ lẹ́tà. N ò rí ẹni tó fojú ara rẹ̀ ka lẹ́tà ọ̀hún. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ẹ̀gbọ́n àna òun ló kà á. Olè jà lóòótọ́ láwọn ibìkan, n ò ní purọ́ mọ́ yín. Àmọ́ olè mẹ́ta ní Ìjù, ẹ ó ti sọ wọ́n di ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó dé Ajuwọn.

A-fi-ẹnu-kan-pàṣẹ-méjì! Lọ́sàn-án, ẹ lé wa wọlé, ẹnì kan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnì kejì. Lálẹ́, ẹ kó wa síta, ogójì ọkùnrin yí táyà tó ń jó ká, à ń mí síra wa lójú. Kòrónà ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, àwa ń fi èéfín táyà ràn án lọ́wọ́. Pásítọ̀ kan gbé àdá dání, Bíbélì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọmọ odó ìyàwó mi lèmi gbé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin kan láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi wá mọra, níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wá.

Òpó iná ni ìlù ọba yín. Gban-gban-gban, ìró kan ti ọ̀nà Alágbọlé wá. Àwa náà lù tiwa, gban-gban-gban. Tiwọn tún dáhùn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ yájú sí yín. Ó ní ká fa èémí sínú títí a ó fi ka mẹ́rin, ká rọra tú u jáde títí dé mẹ́fà. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ìgbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọmọ odó ò gbọ̀n mọ́ lọ́wọ́ mi, etí mi sì là: kò sígbà tí òpó Alágbọlé tún dún àfi bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lu tiwa. A rán ọmọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà lọ bi wọ́n lọ́hùn-ún.

“Kí lẹ rí?”

“A ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin la gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lu òpó.”

Kábíyèsí, láti aago mọ́kànlá la ti ń já ara wa láyà! Lóru náà ni alága lánlọ́ọ̀dù ṣòfin: ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá rí olè ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òpó, ẹni tí ò bá tíì pe ará àdúgbò tí wọ́n dárúkọ ò gbọdọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A pín ìṣọ́ sí mẹ́ta, àwọn tó kù lọ sùn. Adé yín wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ ò tíì kó kúrò ní Akute ṣá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì òru, gbogbo ibi ṣókùnkùn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ẹ ti jókòó sínú ikùn mi. Ẹ kú ìjókòó, a-gbénú-ikùn-pàṣẹ! Mo ka mẹ́rin, mo ka mẹ́fà, mo tan tọ́ọ̀ṣì.

“Ta nìyẹn?” Ohùn mi ń gbọ̀n bí ewé kókò.

“Bàbá Bísí, èmi ni o. Jẹnẹrétọ̀ mi ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yẹn síbí.”