Bíléèdì Tó Ń Yan Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn káfíńtà fi ń gé ìdí férémù ilẹ̀kùn nígbà tí táìsì bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kì í yí bíi ti dìrílì, ńṣe ló ń gbọ̀n. Ó lè gbọ̀n tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú gbígbọ̀n yìí ni ilé iṣẹ́ Fein ní Jámánì lò lọ́dún 1967 fún ayùn tí dókítà fi ń gé pìọ́pì kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Ó ń gé pìọ́pì, kì í sábà gé awọ. Àánú awọ èèyàn ń ṣe é. Àánú àpò mi ni kò ṣe é.

Tòkunbọ̀ ni tèmi, kò sì lẹ́bi kankan. Bíléèdì rẹ̀ ló kú, ni mo bá gba Dùgbẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ kò tiẹ̀ wo ohun tí mo gbé dání. "Dádì, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Universal ni." Mo ní ká tú ọ̀rá rẹ̀ ká dán an wò. Ó ní tí a bá ti tú ọ̀rá, mo ti rà á nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ra bàtà láì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́?

Mo rà á bẹ́ẹ̀. Mo padà dé Bódìjà, kò wọ ẹ̀rọ mi. Bíléèdì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò rẹ̀ là lẹ́yìn, bóòtù ló yẹ kó dì í mú. Ẹ̀rọ mi kò ní bóòtù rárá! Orí rẹ̀ yọ sókè, ó ní igun bí ìràwọ̀, bíléèdì tó bá jìn níkùn nìkan ló ń gbá mú. Starlock ni wọ́n ń pè é, Bosch àti Fein ló jọ gbé e jáde. Wọ́n tún pín in sí mẹ́ta. Bíléèdì Starlock lásán ń wọ ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti StarlockPlus ń wọ Plus àti Max. Ti StarlockMax, àfi Max bíi tirẹ̀. DeWalt tún ní ihò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Láti òpin ọdún 2024, òfin Yúróòpù ti mú kí ṣájà fóònù jẹ́ ẹnu kan náà. Ta ni yóò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún bíléèdì káfíńtà?

Kó tiẹ̀ wọ̀ ọ́ náà, wàhálà ò tán. Ìṣó ni wọ́n fi kan férémù wa mọ́ ògiri. Tí wọ́n bá kọ HCS sára bíléèdì, igi àti ike ló mọ̀ ọ́n gé. Tó bá pàdé ìṣó báyìí, eyín rẹ̀ á re dànù. BIM ló ń gé igi àti ìṣó pọ̀. Sìmẹ́ǹtì àárín táìsì ń fẹ́ irú mìíràn tí kò léyín rárá. Kò sí èyí tí ọmọkùnrin Dùgbẹ̀ sọ fún mi nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta irinṣẹ́ láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge, mo bẹ̀ yín, ẹ tú ọ̀kan kalẹ̀ fún ìdánwò, ká lè fi sórí ẹ̀rọ ká tó sanwó. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ oníbóòtù, kó wá ra universal ọwọ́ mi ní ìdajì owó. Tuntun ni. Ọ̀rá rẹ̀ nìkan ló ya.