Àbúrò Ìyàwó Tó Ń Jẹ́ Sanyo

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì dìde. Ṣebí gbogbo yín lẹ máa ń wọkọ̀ láti Àkànràn wọ Ìbàdàn, tí ẹ máa ń ké sí kọ̀ńdọ́ pé "Sanyo wà o!" Ẹ mọ ìdílé ẹni tí ẹ ń dárúkọ yẹn? Ilé iṣẹ́ ará Japan ni, ọ̀rọ̀ àna ló sì bí i. Ẹ sún mọ́ mi.

Matsushita, tó dá ilé iṣẹ́ tó di Panasonic sílẹ̀ ní 1918, fẹ́ ọmọ ìdílé Iue. Toshio, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Nínú agboolé tiwa, àbúrò ìyàwó ò ní tíì lo oṣù mẹ́ta tí wọ́n á fi máa ka ẹran inú ìkòkò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o.

Nígbà tí ogun Hitler parí, Toshio jáde. Àna rẹ̀ yá a ní ilé iṣẹ́ kan tó ṣófo, ó ní kó máa ṣe iná kẹ̀kẹ́, èyí tí dáínámò ń tàn. 1947 nìyẹn, ibẹ̀ ni Sanyo ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2009, Panasonic ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín Sanyo. Ẹ rò pé ìyá ló ń fún ọmọ lọ́yàn? Ọmọ ló fún ìyá! Bátìrì Eneloop tí wọ́n ń ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan sí i, Sanyo ló gbé e jáde ní 2005. Orúkọ Panasonic ló wà lára rẹ̀ lónìí. Pánẹ́ẹ̀lì sólà HIT náà bá a lọ. Fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Ní 2011, wọ́n ṣàdéhùn láti tà wọ́n fún Haier ará Ṣáínà, Haier tí ẹ ń rí lára Thermocool.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan yìí ló rán mi létí àwọn orogún ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyálé ń fi fóònù Tecno ṣe fáàrí, ìyàwó ní Infinix òun lọ̀gá, wọ́n jọ ń fi Itel màmá ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé iṣẹ́ Transsion ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ọgbọ́n kan náà ló ń pín fún wọn, aṣọ ló yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí fóònù wọn bá bàjẹ́, Carlcare kan náà ni wọ́n máa gbé wọn lọ, wọ́n á sì jọ tò sórí ìlà lẹ́yìn màmá ọkọ.