Èkó Ilé, Ọ̀nà Dí

Mo fẹ́ràn Èkó ju ìlú tí wọ́n bí mi sí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 kò gùn ju kìlómítà 12 lọ. Síbẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, ẹ ó jẹ gàlá, ẹ ó mu omi inú ọ̀rá, ẹ ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹni tó jókòó tì yín, ẹ kò sì ní tíì rí òpin afárá ní Adéníji.

Kọ́ńdọ́ dáńfó ti pariwo: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" Ẹ na ẹgbẹ̀rún náírà sí i, ó so yín pọ̀ mọ́ àjèjì kan: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ pín in." Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ jọ ń wá ṣénjì kiri lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Marina sí Mile 2 láti 2023, kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀, dáńfó náà ni ẹ ó wọ̀.

Ẹni tó bá ní ìpàdé aago mẹ́wàá, kó tètè jí. Bó bá sì pẹ́, kó fọkàn balẹ̀: ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí afárá.