Ẹ Má Bá Google Jà

Baálé ilé kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé kọ̀ǹpútà ilé òun ti fẹ́ tú òun àti ìyàwó òun ká. Bí òun bá tẹ "oògùn ẹ̀yìn ríro" sórí Google, èsì á jáde bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí òun bá ti fọwọ́ kan èsì àkọ́kọ́ báyìí, ojú ẹ̀rọ á ṣẹ́jú, á fò fẹ̀rẹ̀, ó di ìkànnì tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ti gbà pé ọkọ òun ń ta tẹ́tẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè baálé ilé yìí ni pé, báwo lòun ṣe lè yọ Google kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà, nítorí Google ló ń ṣi àwọn lọ́nà? Ọ̀gá mi, ẹ fi Google sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ìyá parí ààwẹ̀ wọn, kò pa kọ̀ǹpútà lára. Ẹni tó ń jẹ owó nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá mọ bí owó ṣe ń dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó mọ ibi tó sá pamọ́ sí.

Oníṣòwò tó bá polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa sanwó fún ẹni tó bá darí oníbàárà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan wá rò ó pé kí làǹfààní ká máa bẹ èèyàn, nígbà tí a lè máa wọ́ wọn wá? Ẹni tó bá ní àsọdùn ni mò ń sọ, kó wo iléeṣẹ́ Rove Digital ní ìlú Tartu, lórílẹ̀-èdè Estonia. Fáírọ́ọ̀sì DNSChanger tí wọ́n tàn kálẹ̀ wọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. DNS ni kọ̀ǹpútà máa ń bi léèrè pé ibo ni ìkànnì báyìí wà. Wọ́n darí ìbéèrè náà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tiwọn, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń fi dáhùn. Ìwé ẹ̀sùn ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹni tó tẹ èsì pé kó gbé òun lọ sí IRS, iléeṣẹ́ owó orí wọn, ń bá ara rẹ̀ lójúde H&R Block, tó ń gbowó láti báni ṣètò ìwé owó orí. Ẹni tó ń wá iTunes ń balẹ̀ síbi tí kì í ṣe ti Apple rárá. Nígbà tí ọlọ́pàá Estonia àti FBI fi máa kó mẹ́fà nínú wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, wọ́n ti jẹ mílíọ̀nù 14 dọ́là, ó kéré tán.

Ohun tí mò ń fà yọ ni pé ibi tí wàhálà yìí ti ń yọjú kọ́ ló ń gbé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tún ojú ìwé àkọ́kọ́ browser rẹ̀ ṣe lálẹ́ fi ń bá a níbi tó wà tẹ́lẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́: ẹni tó ń yí i padà ṣì wà nílé. Bí ògiri ò bá sì lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ wa sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wálé, ó fi ọ̀nà méjì hàn yín. Ọ̀kan fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń dán, wọ́n kọ "Recommended" sí i. Èkejì kéré, ó ṣá bí aṣọ àlòkù, "Custom" ló ń jẹ́. Ẹ̀yìn èyí tó ṣá ni wọ́n to àwọn àpótí kéékèèké sí, tí wọ́n ti bá yín fi àmì "mo gbà" sí kí ẹ tó dé. Ẹ wá ń tẹ Next, Next, Next, ẹ ń ṣe àmín sí àdúrà tí ẹ ò gbọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn aláìlórúkọ nìkan: nígbà kan rí, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Java, ti Oracle ńlá, fi gbé toolbar Ask wọlé pẹ̀lú àmì tí wọ́n ti fi sí i sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àlejò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Apps, kí ẹ tò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Àjèjì tí ọjọ́ rẹ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà mu ni kí ẹ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan àwọn extension inú browser. Èyí tí ẹ ò bá mọ ìdílé rẹ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ wo àmì browser tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, nínú Properties rẹ̀, níbi Target: bí àdírẹ́sì ìkànnì kan bá tẹ̀ lé orúkọ browser, ẹ pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tún ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ lè pe ìyàwó yín kó wá fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rí pé ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pè é, ẹ kọ́kọ́ dá wo ọjọ́ tí àjèjì náà wọlé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday tí ẹ̀yìn ń ro yín tí ẹ ò lè bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ ló wọlé, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀bi ka Estonia lórí.

Ìyá kan láti Abẹ́òkúta á ní irọ́ ni mò ń pa, òun ń sanwó antivirus lọ́dọọdún, kò sì sọ pé nǹkankan wà níbẹ̀. Mà, kò lè pariwo olè lé ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún. Ọ̀pọ̀ irú nǹkan báyìí ni antivirus ń kà sí ohun tí onílé lè má fẹ́, kì í kà á sí fáírọ́ọ̀sì pọ́ńbélé. AdwCleaner ti Malwarebytes, ọ̀fẹ́ ni, irú wọn gan-an ló ń dọdẹ. Àmọ́ ẹ má fi kọ̀ǹpútà tó ń ṣi yín lọ́nà wá a o! Oògùn ayédèrú ló máa mú yín lọ rà. Ẹ tẹ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ náà fúnra yín, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ọmọkùnrin kan ní gbogbo èyí ti pọ̀ jù, kí wọ́n ṣáà fọ kọ̀ǹpútà mọ́, kí wọ́n gbé Windows tuntun sí i. Òun ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wàhálà náà sì padà wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀rí tó fi ń gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Bó bá wọ Chrome pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí Windows tuntun, Chrome á kó àwọn extension àtijọ́ padà wá fún un tìfẹ́tìfẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé inú router ni wàhálà wà. Nígbà ayé rẹ̀, DNSChanger a máa wọ router tí onílé fi páwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti iléeṣẹ́ sílẹ̀. Kó wo fóònù rẹ̀: bí Wi-Fi ilé bá ń ṣì í lọ́nà, tí dátà tirẹ̀ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀, router ni kó dá padà sí bó ṣe wá láti iléeṣẹ́, kó yí páwọ́ọ̀dù rẹ̀, kó jẹ́ kí owó Windows sinmi.

Ẹnìkan sì kù tó ní ìpolówó lásán ni, kí ló kan òun? DNSChanger ò jẹ́ kí antivirus àti Windows rí àtúnṣe gbà, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó burú jù ú lọ. Lẹ́yìn tí ọwọ́ ba àwọn oníṣẹ́ ibi náà, ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó mọ́ rọ́pò tiwọn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012 tí wọ́n pa á, àwọn tó ní kò kan àwọn kò rí ìkànnì kankan ṣí mọ́. Àmọ́ bí ẹni náà bá ti pinnu láti máa gba àlejò yìí lálejò, kó dúnàá dúrà dáadáa. Ẹ pín mílíọ̀nù 14 sí mílíọ̀nù 4: dọ́là mẹ́ta àtààbọ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mú wọlé fún wọn. Òun ló ń ra dátà, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kó béèrè dọ́là kan, ó tán.